Jemimah Adéfúnkẹ́ Akínjídé (1961–2025), Nọ́ọ̀sì Tó Kọ́ Wa Láti Bèèrè Lẹ́ẹ̀kejì

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1961 ni a bí Olóògbé Jemimah Adéfúnkẹ́ ní Ìdóàní, sínú ìdílé Christopher Oyèníyì, àgbẹ̀ olóko kòkó àti olórí akọrin ìjọ Áńgílíkà, àti Margaret ìyàwó rẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ló ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ariwo òjò lórí páànù kò jẹ́ kí ìyá wọn gbọ́ igbe ọmọ.

Ìdóàní ni wọ́n ti kàwé kí wọ́n tó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Àkúrẹ́. Wọ́n wọṣẹ́ ìjọba ní 1984, wọ́n sì ṣiṣẹ́ ní Ìjàgbà àti ní Ọ̀wọ̀. Ní 1986, wọ́n ṣègbéyàwó pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Ambrose Akínjídé, tíṣà, ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀.

Ní 2017, wọ́n lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́rin lórí bí òṣìṣẹ́ ṣe lè ran ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ ń dàrú lọ́wọ́, kí onítọ̀hún tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ káàkiri Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀, kódà lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2019. Wọ́n máa ń sọ pé kíkí kì í ṣe ìbéèrè. Bí ẹ bá kí ènìyàn pé ṣé àlàáfíà ni, tó ní adúpẹ́, ọmọlúàbí ló ṣe yẹn, kò tíì sọ nǹkan kan fún yín. Ẹ fa àga, ẹ jókòó, ẹ bi í lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ sì dákẹ́.

Ní ọ́fíìsì kan ní Ọ̀wọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Yínúsà, awakọ̀ ibẹ̀, fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀: "Nọ́ọ̀sì, àwa ò tíì wọjà o. Àwọn ọ̀gá wa ni kẹ́ ẹ lọ yẹ̀ wò."

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Mọ́mì náà rẹ́rìn-ín, wọ́n wá fa àga sún mọ́ awakọ̀ náà. "Bàbá Fàthíà, ìgbà wo lẹ sùn mọ́jú gbẹ̀yìn?"

Ẹkún ni ọkùnrin náà fi dáhùn. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí ẹbí kọ ọ́ síbí.

Bàbá Akínjídé papò dà ní oṣù kọkànlá ọdún 2023. Ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ ń pe Mọ́mì lórí fóònù. Ṣé ẹ ń jẹun? Mo ń jẹun. Ṣé kò sí nǹkan? Adúpẹ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 2025, wọ́n ṣubú lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò sì dìde mọ́. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni wọ́n. Inú báàgì wọn ni a ti bá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru oṣù mẹ́rin, wọn ò ṣí ẹyọ kan. Aládùúgbò sọ pé oúnjẹ tí àwọn ọmọ ń fi ránṣẹ́ sí wọn ni wọ́n ti ń há fún àwọn ẹlòmíràn, tipẹ́tipẹ́.

Àwọn àgbà ẹbí ní kí a kọ "àìsàn ránpẹ́" sínú ìwé yìí. Àwọn ọmọ kọ̀. Kò ránpẹ́. Ìbànújẹ́ ni, ó pẹ́ lára wọn, gbogbo wa sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Yínúsà wá bá wa kẹ́dùn, ó fa àga, ó jókòó, ó ní: "Ta ló bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì?"

Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀, Fúnmiọlá, Ọlámúyìwá àti Moyinolúwa, ọmọ-ọmọ márùn-ún, àbúrò wọn Jonah, àti ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń pè wọ́n ní Mọ́mì.

Mọ́mì, ẹ máa lọ sinmi. Kí Olúwa fúnra rẹ̀ jókòó tì yín, kó bi yín bí ọkàn yín ti rí, kí ẹ má sì sọ fún un pé adúpẹ́.