Ẹ̀wọ̀n Tí Mo Jẹ́wọ́ ní Kafé Uthman

Ọ̀kà-Àkókó,
Ọjọ́ Ẹtì, ìparí oṣù Kejì.

Tósìn ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo tún ọ kí, mo sì kí ọ ní orúkọ ìyá rẹ tó jókòó tì mí níbí tó ń bó ẹ̀gúsí, tó ní kí n kọ́kọ́ bi ọ́ bóyá ò ń jẹun yó. Ọlọ́run tó gbé òkè Ọ̀kà kalẹ̀ tí ìjì kankan kò lè yẹ̀ ẹ́ yóò fi ẹsẹ̀ rẹ múlẹ̀ ní ìlú Tòróńtò. Òtútù ibẹ̀ kò ní wọ inú eegun rẹ. Ọ̀gá tí ò ń bá ṣiṣẹ́ kò ní rí ọ kó fajú ro. Ẹni tó bá ní o kò ní fojú kan aya rẹ lọ́dún yìí, ojú ti tì í báyìí, kò tilẹ̀ mọ ibi tí yóò gbé e sí. Àmín.

Ara wa le. Orúnkún mi ọ̀tún nìkan ló ń bá mi ṣẹjọ́ bí òjò bá fẹ́ rọ̀, mo sì ti ń lò ó bí ẹni ń gbọ́ rédíò, torí kì í purọ́. Káṣú ti ń so, àwọn ọmọ Adébíyìí sì ti ń bá wa ká a láìjẹ́ pé a bẹ̀ wọ́n. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí mẹ́ta, ó ní ọ̀kan nínú wọn máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tí yóò máa wo títì bí ìwọ ti ń ṣe ní kékeré. N kò rí ìjọra náà, ṣùgbọ́n n kò bá a jiyàn.

Ó yá, jẹ́ kí n dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Físà ìyàwó rẹ ti jáde. Ìwọ náà ti mọ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ kí ojú mi rí i: físà Ayọ̀midọ̀tun ti jáde. Nígbà tí ìròyìn náà kọ́kọ́ wọ inú fóònù rẹ̀, n kò gbà, mo ní fóònù lè yí ọkàn padà. Mo ní kó gbé e lé orí Bíbélì títí pásípọ́ọ̀tù yóò fi dé. Ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá tí mo fi ọwọ́ pa bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú pásípọ́ọ̀tù náà kí n tó dọ̀bálẹ̀ fún Ọlọ́run. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sùn tí mo ń han-run, ìyá rẹ ló ń ṣàròyé.

O bi mí lórí fóònù ohun tí mo sọ gan-an ní kafé lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ fi pè ọ́ tẹkúntẹkún, mo ní kí o dúró, n ó kọ ọ́. Kì í ṣe pé mo fẹ́ sá fún un. Fóònù a máa jẹ owó bí èèyàn bá dúró ronú, ìwé kì í jẹ nǹkan kan.

Nígbà tí o fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, tí o ní kí Ayọ̀midọ̀tun lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní Ìkàrẹ́, kó yẹ̀ ẹ́ wò kó sì fọwọ́ sí ibi tirẹ̀, mo ní n ó bá a lọ. Kò bẹ̀ mí. Mo gbé agbádá wọ̀, mo ní ọ̀rọ̀ aya kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń dá lọ sọ. Uthman tó ni kafé náà, ọmọ àáfà ni, ó kí wa dáadáa, ó fún mi ní àga tó ń yí. Mo ní kó máa ka fọ́ọ̀mù náà sí mi létí ní Yorùbá. Ó ní apá ibí yìí jẹ́ ti onígbọ̀wọ́, ẹni tí yóò dúró fún Ayọ̀midọ̀tun níwájú ìjọba. Mo ní èmi nìyẹn.

Má rẹ́rìn-ín. Ta ló dọ̀bálẹ̀ níwájú àwọn ẹbí rẹ̀ ní Arigidi? Ta ló sọ fún wọn pé bí ọmọ wọn bá sunkún nílé wa, èmi ni kí wọ́n wá bi? Ìwọ wà lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lọ́jọ́ náà, ò ń làágùn nínú aṣọ tuntun. Uthman fẹ́ sọ nǹkan kan, mo ní kó máa kà á lọ, mo sì sún àga mọ́ tábìlì.

Bó ṣe kan ìbéèrè náà nìyẹn. Ó ní wọ́n ń bèèrè bóyá onígbọ̀wọ́ ti jẹ̀bi ọ̀ràn rí ní kóòtù, níbikíbi láyé. Tósìn, mo dá a mọ̀. Ìwádìí ni wọ́n ń ṣe, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń ṣe kí á tó fọmọ fọ́kọ. A ó rán àgbà obìnrin kan lọ sí àdúgbò ọkọ, yóò ṣe bí ẹni tó fẹ́ ra iyọ̀, yóò sì máa bèèrè bóyá olè wà nílé náà, bóyá wèrè wà níbẹ̀. Ìjọba Kánádà kò rí àgbà obìnrin tí wọn yóò rán wá sí Ọ̀kà ni wọ́n ṣe fi fọ́ọ̀mù rán.

Bẹ́ẹ̀ ìwádìí ti bá mi rí, mo sì purọ́. Ìwọ kò mọ èyí, gbọ́ ọ báyìí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, kí n tó fẹ́ ìyá rẹ, mo dáná sun igbó lápá ọ̀nà Ọ̀bà nítorí òkété. Iná náà fo odò gbígbẹ, ó wọ oko gẹdú ìjọba, ó sì jó o fún ọjọ́ méjì. Adájọ́ bi mí pé kí ni mo rí pa, mo ní òkété kan. Gbogbo kóòtù rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó wá jù mí sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́ta. Nígbà tí mo jáde, mo sọ fún aráyé pé mo lọ ṣe lébìrà ní oko kòkó lọ́nà Oǹdó. Adébíyìí bíríkìlà, aládùúgbò wa, nìkan ló mọ̀, torí òun ló ń gbé oúnjẹ wá fún mi. Àwọn ẹbí ìyá rẹ ní Ìkun rán àǹtí rẹ̀ wá ṣe ìwádìí, Adébíyìí náà ni wọ́n bi, ó ní òṣìṣẹ́ ni mí, ọwọ́ mi mọ́.

Ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ ni ẹmu wọ Adébíyìí lára, ó dìde láàárín èrò, ó ní ẹ wo ọmọ ẹlẹ́wọ̀n bó ti pupa. Èrò pè é ní àwàdà ẹlẹ́mu, ṣùgbọ́n ìyá rẹ gbà á gbọ́. Ní ọjọ́ kejì ó gbé ọ pọ̀n, ó gba Ìkun lọ, oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fi wálé. Nígbà tí mo lọ bẹ̀ ẹ́, ó ní kì í ṣe ẹ̀wọ̀n tí mo lọ ló dun òun, pé Adébíyìí mọ̀ tí òun kò mọ̀ ni. Ẹ̀wọ̀n mi kejì nìyẹn, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí kò sẹ́ni tó gbé oúnjẹ wá.

Ìdí nìyí tí mo fi dìde dúró ní kafé Uthman, tí mo ṣí fìlà, tí mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi Zachariah ti jẹ̀bi, mo ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyàwó rẹ wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ìdánwò JAMB bíi mẹ́fà wà níbẹ̀. Obìnrin kan tó wá tẹ pósítà òkú náà wà níbẹ̀, ó sì ní pẹ̀lẹ́ o, bàbá. Uthman ní àpótí kékeré kan ni wọ́n fi sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni èèyàn ń mú. Mo wo àpótí náà, kò ju hóró àgbàdo lọ. Mo ní oṣù mẹ́ta kò lè wọ ibẹ̀, kó fún mi ní bébà. Mo kọ ojú kan kún, mo yí i padà, mo sì kọ ti òkété náà sí ẹ̀yìn.

Ìgbà yẹn ni Uthman fohùn pẹ̀lẹ́ ní kí n má bínú, kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bi. Ó ní Tósìn ni onígbọ̀wọ́ lójú tiwọn, Tósìn ni wọ́n ń bi, Tósìn sì ti mú bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo jókòó, àga náà sì yí mi kúrò lójú gbogbo wọn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣírí tó ti lé ní ogójì ọdún ni mo tú síta bẹ́ẹ̀ láìsí ẹni tó bi mí, mo tún sanwó bébà lé e.

Ìyàwó rẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó dì mí lápá mú jáde sí fàráńdà, ó bi mí bóyá Màmá mọ̀. Mo sọ bí Màmá ṣe mọ̀ fún un, mo sọ ohun tí Màmá sọ. Ó yọ fóònù, ó pè ọ́, ó rò ó fún ọ. Èmi rò pé ẹ̀rín ni o máa rín. Mo rí ojú rẹ̀ bó ti ń yí padà, mo sì mọ̀ pé ìwọ náà ti ń jẹ́wọ́ tìrẹ.

Ó sọ ọ́ fún mi pé lọ́dún méje sẹ́yìn, níbi tí ẹ ti ń kó ẹrù, ìwọ àti ẹnìkan jà, o lù ú, eyín rẹ̀ kan yọ, ọlọ́pàá gbé ọ, adájọ́ ní o jẹ̀bi, o san owó ìtanràn, o sì ń lọ fi ara hàn níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba fún ọdún kan. O kò sọ fún wa. O kò sọ fún un kí o tó fẹ́ ẹ. O sì mú bẹ́ẹ̀ kọ́ nínú fọ́ọ̀mù kó má baà rí i. Kò bá mi padà sí Ọ̀kà. Ó wọ mọ́tò Arigidi, ó ní kí n bá òun kí Màmá. Mo dé ilé pẹ̀lú agbádá mi, ìyá rẹ bi mí pé ìyàwó òun dà. Nígbà tí mo rò ó tán, ó ní òwú tí bàbá gbọ̀n lọmọ ń ran, ó sì wọlé lọ. Èmi ò lè jẹun, Tósìn. Mo rò pé mo ti fi ẹnu ara mi lé aya ọmọ mi lọ.

Ní ọjọ́ karùn-ún a lọ sí Arigidi. Mo dọ̀bálẹ̀ síbi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí lọ́jọ́ ìdána gan-an. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè tiwọn bá ara wọn sọ̀rọ̀, èdè tí èmi kò gbọ́ ju “ẹ wá jẹun” nínú rẹ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo rẹ̀, bóyá èébú ni, bóyá àdúrà ni, títí ìyá rẹ fi fọwọ́ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ pé ìyá ìyàwó ń sunkún. Nígbà tó yá, bàbá ìyàwó rẹ kọjú sí mi ní Yorùbá, ó ní kí n dìde. Ó ní ti ẹ̀wọ̀n tèmi, àwọn ti mọ̀ tipẹ́; ẹni tí àwọn rán wá sí Ọ̀kà kí àwọn tó fún wa lọ́mọ, Adébíyìí ti rò ó fún un látòkèdélẹ̀. Ó ní àwọn kàn ń wò ó bóyá èmi fúnra mi yóò sọ ọ́ láéláé ni. Tósìn, Adébíyìí yìí, ìyá rẹ nìkan ló mọ̀ ọ́n pa mọ́ fún.

Ó ní ti Tósìn, Ayọ̀midọ̀tun ló ni ẹjọ́ náà. Ọmọ náà jáde láti yàrá, a rí báàgì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní Bàbá sọ tiwọn láàárín ọmọ JAMB nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n. Tósìn pẹ́ kó tó sọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Ó ní ohun méjì lòun fẹ́: kí a yí fọ́ọ̀mù náà padà kó tó lọ, àti pé láti òní lọ, kò gbọdọ̀ sí ohun tí ẹlòmíràn mọ̀ nípa Tósìn tí òun kò mọ̀. Mo ní mo gbà. Ó ní kì í ṣe èmi. Lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn tí mo dáhùn ìbéèrè rẹ.

O mọ ìyókù. O yí i sí bẹ́ẹ̀ ni, o kọ àlàyé tìrẹ, lọ́yà sì sọ fún ọ pé ìjà ọjọ́ yẹn ti pẹ́, kì í ṣe irú rẹ̀ ló ń dí aya lọ́nà, pé irọ́ tí o fẹ́ fi bò ó ni ì bá ti ilẹ̀kùn. Mo ní kí Uthman fi bébà tèmi náà sí i. Ó ní òun ti fi sí i. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, tàbí ó kàn fi tù mí nínú. Nígbà tí wọ́n ní kí ìyàwó rẹ wá tẹ̀ka ní Èkó, a kò jẹ́ kó bó ẹ̀gúsí fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ìlà ọwọ́ rẹ̀ má baà pa rẹ́. Wọ́n tún ya fọ́tò inú àyà rẹ̀. Mo bi í pé ta ni wọ́n rí níbẹ̀, ó ní wọn kò rí nǹkan kan. Mo ní ẹ̀rọ wọn kò dára tó nìyẹn, torí Tósìn wà níbẹ̀.

Ọmọ mi, bí agbára bá wà, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi tún òrùlé ilé ìdáná ìyá rẹ ṣe kí òjò tó dé, kí n sì ra àkùkọ kan fún Uthman tí kò gbowó iṣẹ́ lọ́wọ́ wa ju owó bébà náà lọ. Má gba ti ẹ̀rọ ara ògiri báńkì. Ó bi mí bóyá mo ṣì fẹ́ ṣe nǹkan mìíràn, mo ní rárá, ẹ ṣé o, kò dáhùn, ó sì gbé káàdì mi mì. Fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ.

Ọwọ́ tí o fi lu ọmọlọ́mọ, Ọlọ́run yóò fi gbé ọmọ tìrẹ. Ilé tí ẹ̀yin méjèèjì yóò gbé, òkùnkùn kankan kò ní lúgọ sí kọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ ó dàgbà nínú rẹ̀ bí èmi àti ìyá rẹ, tí a ṣì ń jà, tí a ṣì ń jẹun nínú àwo kan.

Ayọ̀midọ̀tun ni yóò fi ìwé yìí lé ọ lọ́wọ́. O ó rí i pé n kò lẹ ẹnu rẹ̀. Kí n tó kọ àwọn ìlà tó kẹ́yìn yìí, mo ní kó jókòó kó kà á látòkèdélẹ̀, ìyá rẹ sì jókòó tì í. Ó rẹ́rìn-ín níbi òkété, ó sunkún níbi kan tí n kò ní sọ fún ọ, kí o bi í fúnra rẹ. Nítorí náà, kò sí ohun tí o kà níbí tí kò ti kọ́kọ́ mọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Zachariah.