Ẹ̀rọ Ọmú Àsíátù Tí Mo So Mọ́ Kẹ̀kẹ́

Àsíátù ọmọ mi, o kú ọwọ́ lómi. Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá yín gbé ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó níbẹ̀. Mo kí ọkọ ẹ Jíbrílù, mo kí Mọ̀núrù ọmọ tuntun. Ara wa le lábúlé, ìtìjú nìkan ló ń ṣe mí.

Àlímọ̀t àbúrò ọkọ ẹ dé lánàá. Ó ní ọmú ẹ wú, ó le bí òkúta, ọmọ ò rí orí ọmú gbá mú, omi ọmú sì ti ń dínkù. Ó ní nọ́ọ̀sì ní kí o máa fi ẹ̀rọ fà á kó lè rọ̀, pé ẹ ti tú gbogbo ilé, ẹ ò rí ẹ̀rọ. Mo ní báwo ló ṣe rí, ó ní rọ́bà róbótó ni, ẹnu ẹ̀ jẹ́ dígí bíi fèrè. Àsíátù, ọ̀dọ̀ mi ló wà.

Gbọ́ tẹnu mi ná. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ mo ráhùn létí ọkọ ẹ pé fèrè kẹ̀kẹ́ mi, èyí tí à ń tẹ rọ́bà ẹ̀, ò dún mọ́. Òun náà ló sì ń ta pátì kẹ̀kẹ́ ní Ìdúmọ̀tà. Nígbà tílẹ̀ mọ́ tí mo rí fèrè nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù mi, kí ni kí n rò? Ṣé baba ìyàwó ń ti ìkómọ bọ̀ lọ́wọ́ òfo ni? Mo sọ ọ́ sápò, mo ń ṣàdúrà fún Jíbrílù títí dé Ìkòròdú.

Mo so ó mọ́ kẹ̀kẹ́, kò dún. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, ó kàn ń mí ni. Mo ní nǹkan Èkó wo ni kì í pariwo? Oòrùn là á, Bọ́lájí tó ń lẹ táyà lẹ̀ ẹ́. Lánàá tí Àlímọ̀t sọ pé omi gbígbóná ni wọ́n fi ń bọ̀ ọ́ kó lè mọ́, mo bọ̀ ọ́ kí n lè dá a padà, rọ́bà yọ́ sídìí ìkòkò. Dígí ló kù. Ìyá ẹ ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ewúrẹ́ ló ń bá wí, ṣùgbọ́n orúkọ mi ló fi ń pè é.

Ó rán Àlímọ̀t sí mi pé kí n kọ ọ́ sí ẹ pé ká tó mọ rọ́bà, ọwọ́ là ń lò. Kí o rin aṣọ sómi lílọ́wọ́ọ́rọ́, kí o fi lé ọmú, kí o rọra fi ọwọ́ fún un díẹ̀ kó rọ̀, kí o wá gbé ọmọ sí i, tọ̀sán tòru. Tó bá kọ̀, tún gbé e sí i. Ọmọ tó bá ń fà á ló ń pe omi ọmú wá. Máa mu ẹ̀kọ gbígbóná, máa jẹun. Nọ́ọ̀sì náà ní ẹ má fún ọmọ lómi, ẹ má ra mílíìkì inú agolo.

Èmi ò rí oorun sùn. Ọmọ yòówù tó bá ké ládùúgbò, Mọ̀núrù ni mo ń gbọ́. Tí ọmú yẹn bá gbẹ, ta ni mo fẹ́ sọ pé ó jẹ́ kó gbẹ?

Jọ̀ọ́, fi owó mọ́tò ránṣẹ́, ti ìyá ẹ nìkan, kó wá fọwọ́ ara ẹ̀ tọ́jú ẹ. Má fi tèmi sí i. Ọkọ ẹ ti fura. Ó ní kí Àlímọ̀t kọ́kọ́ bá òun kúnlẹ̀ fún mi dáadáa, kó tó sọ pé tó bá jẹ́ pé ọwọ́ Bàbá ni nǹkan yẹn wà, kí Bàbá má tẹ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó mọ́ títí ẹ ó fi já ọmọ lẹ́nu ọmú.

Mo gbà. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọmú ẹ ṣàn, kí Mọ̀núrù mu ún títí ẹsẹ̀ ẹ̀ á fi máa wọ́ ilẹ̀ lórí itan ẹ. Kó pẹ́ gan-an kí n tó fojú kàn án. Àmín.

Èmi ni baba ẹ,
Àbúdù Àlàó.