Label tí mo pààrọ̀ nínú garage ọkọ ọmọ mi

Èmi ni mo pààrọ̀ label yẹn. Kì í ṣe Bánjọ. Mo ti kọ gbólóhùn yìí, mo sì ti pa á rẹ́, ó tó ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárọ̀ yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ọkàn mi tó yí padà... Ìmọ̀ràn yín ni mo ń wá, Sunday tó ń bọ̀ yìí ni gbogbo rẹ̀ sì máa já sí. Admin, ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Orúkọ tí mo pe àwọn tó kù, èmi ni mo sọ wọ́n bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Physics ni mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ní Abẹ́òkúta kí ọmọbìnrin mi àti Wálé ọkọ rẹ̀ tó mú mi wá sí Calgary níbí láti bá wọn tọ́jú ọmọ. Àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Savanna là ń gbé. Wálé ní snowmobile, ẹ̀rọ tí wọ́n ń gùn lórí snow bí ẹni gun ọ̀kadà, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a sì máa gbé e lọ sórí òkè ní weekend. Bánjọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló ń bá a tún un ṣe. Ẹni ogójì ọdún ni, ó níyàwó, ó mọṣẹ́, gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó ní irú ẹ̀rọ yìí ní northeast Calgary ló ń gbé e wá bá a. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín, títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, mi ò fẹ́ràn rẹ̀.

Mo fẹ́ kí nǹkan máa wà létòlétò. Garage tí wọ́n ti sọ di ààtàn, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tò ó, mo lẹ masking tape mọ́ ike kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i gàdàgbà. Bánjọ wọlé, ó wò yíká, ó ní, "Ha! Mummy ti sọ garage di jẹ́lé-ó-sinmi. Wálé, ṣé o ti san school fees?" Ọkọ ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo gbà á sí eré. Ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀...

Friday tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa lọ sórí òkè kan tó ga ju èyí tí wọ́n ń gùn tẹ́lẹ̀ lọ, Bánjọ ṣí clutch ẹ̀rọ náà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kò le. Irin kéékèèké mẹ́ta wà nínú clutch yẹn tí wọ́n ń pè ní weights. Bí engine bá ṣe ń sáré sí i ni àwọn irin yìí ń ju ara wọn síta, tí wọ́n á ti clutch kí ó lè di belt mú, belt ló sì ń gbé agbára engine dé ẹ̀yìn. Bí irin náà bá wúwo ju agbára engine lọ, engine á máa mí hẹlẹhẹlẹ, kò ní lè sáré débi tó yẹ. Bánjọ yọ mẹ́ta tó wà níbẹ̀, ó kó wọn sínú ike tí mo kọ OLD sí. Ó kó mẹ́ta mìíràn, tó ti lọ̀ kí wọ́n lè fúyẹ́, sínú èyí tí mo kọ NEW sí. Ojú lásán kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Mo bi í pé kí ló dé tó fi dín ìwúwo wọn kù. Ìbéèrè olùkọ́ lásán ni. Ó ní, "Mummy, ẹ wọlé kí òtútù má baà mú yín. Engine ò gbọ́ èdè chalk o." Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mo kọ́ àwọn tó ti di engineer! Ká ní ó fi gbólóhùn kan péré dáhùn ìbéèrè yẹn, ṣé ọ̀rọ̀ yìí á dé ibi tó dé yìí?

Wọ́n wọlé lọ jẹun. Èmi dúró. Ìwé snowmobile náà wà lórí tábìlì, mo ṣí i, mo rí àtẹ tí wọ́n to ìwúwo irin náà sí, mo lọ gbé òṣùwọ̀n tí ọmọ mi fi ń wọn flour, mo wọn wọ́n. Ti OLD bá ìlà àkọ́kọ́ nínú àtẹ náà mu rẹ́gí. Ti NEW kò tó. Mo ní ẹ wò ó, ọ̀gá tí kì í kàwé! Mo ṣí masking tape méjèèjì, mo pààrọ̀ wọn. Ẹ máa ní kí ló dé tí mi ò sọ fún wọn... Mo fẹ́ kí wọ́n ti òkè dé, kí Bánjọ máa yangàn pé ẹ̀rọ náà sáré, kí n wá sọ fún un níwájú gbogbo èèyàn pé chalk ló tún un ṣe. Ó padà wá, ó kó irin inú ike tí label pè ní NEW, ó dè wọ́n mọ́ clutch, ó ń súfèé.

Lórí òkè, ẹ̀rọ náà kò lè gun. Wálé ń fún un níná, ó kàn ń ké ni, belt gbóná títí ó fi rú èéfín, ó já. Inú kòtò kan tí snow ti kún dé àyà ló já sí. Àwọn tó kù ti gòkè lọ, wákàtí mẹ́rin sì kọjá kí wọ́n tó rí i. Snow ti wọ inú bàtà rẹ̀, òtútù sì ti pa ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gé ìka ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ méjì.

Ìgbà tí wọ́n wà ní hospital ni mo tún ṣí ìwé yẹn. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni ìlà àkọ́kọ́ wà fún. Nísàlẹ̀ rẹ̀, bí òkè bá ṣe ń ga sí i ni ìwúwo ń dín kù, nítorí afẹ́fẹ́ orí òkè fẹ́lẹ́, agbára engine a sì dín kù níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ orí òkè! Ohun tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ! Ṣé mo gbàgbé ni, àbí ìbínú ni kò jẹ́ kí n rántí? Ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣe tẹ̀lé e kì í ṣe àṣìṣe. Mo lọ sí garage, mo dá label méjèèjì padà sí ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí Bánjọ wá yẹ ẹ̀rọ náà wò, ike NEW kún, OLD ṣófo. Ó wo ike, ó wò mí. Ó búra pé inú NEW ni òun ti mú un. Wálé, lórí crutches, jágbe mọ́ ọn: "So o fẹ́ sọ pé Mummy ló fẹ́ pa mí? Ohun tí Mummy kọ síbẹ̀ ò hàn sí ẹ ni? Get out, jáde nílé mi!" Ó jáde. Ẹ gbọ́ o, inú mi dùn díẹ̀. Mo ti sọ ọ́.

Wálé gbé e sórí WhatsApp, pé ọ̀rẹ́ òun fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣekú pa òun. Àwọn èèyàn ti lọ gbé ẹ̀rọ wọn kúrò lọ́wọ́ Bánjọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń jókòó lórí ìlà tiwọn. Ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, bi mí pé, "Grandma, is Uncle Bánjọ a bad man?" Mo ní kó lọ fọwọ́ kó wá jẹun.

Lánàá, Bánjọ fi voice note ránṣẹ́ sí mi. Ó ní, "Mummy, ẹ má bínú. Mo ti rò ó títí, ó ní láti jẹ́ pé èmi ni mo ṣì í mú. Ẹ bá mi bẹ Wálé." Ó ti gbà pé òun ló ṣe é! Sunday, lẹ́yìn service, òun, ìyàwó rẹ̀ àti àgbà méjì ń bọ̀ wá bẹ̀bẹ̀. Wálé ní èmi ni àgbà ilé, kí n jókòó sáàárín, kí n parí ìjà náà, pé ẹsẹ̀ mi ni kó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ sí.

Tí mo bá sọ òtítọ́, ojú wo ni Wálé á fi máa wò mí nínú ilé tí mò ń sùn, pẹ̀lú ìka ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ kù yẹn? Ojú wo ni ọmọ mi á fi wò mí? Ẹ̀rín wo sì ni Bánjọ máa rín? Tí mo bá dákẹ́, ṣé kí n na ọwọ́ lé orí ẹni tí kò ṣẹ̀, kí n ní mo ti dárí jì í? Ẹ má sọ pé kí n gbàdúrà, mo ti gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ìyá, ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá ìyàwó nílé, tí ọkùnrin yìí bá dọ̀bálẹ̀ níwájú mi ní Sunday, kí ni kí n sọ? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó dá mi lóhùn. Èmi ò ka ìwé tèmi dé ìsàlẹ̀.