Òdòdó Tó Ń Padà Wá

                                        Ilé wa,
                                        Ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì,
                                        Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù karùn-ún.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbígbẹ̀yìn tí mi ò tíì fojú rí? Ṣé orúnkún yín ti gbà kí ẹ gun àtẹ̀gùn? Àwa náà wà, a dúpẹ́, àárò yín nìkan ló ń sọ wá. Ọdún kẹfà rèé tí ẹ ti lọ, síbẹ̀ bí mo bá ń bu oúnjẹ, ọwọ́ mi ṣì máa ń lọ síbi àwo yín.

Màmá ló ní kí n gbin òdòdó síwájú ilé, níbi tí wọ́n máa ń jókòó sí lọ́sàn-án. Mo sáré ra èyí tó rẹwà jù lórí àtẹ. Kò pé oṣù mẹ́ta tí gbogbo rẹ̀ fi gbẹ bí igi ìdáná. Màmá ò bínú. Wọ́n kàn ní, "Èyí tó bá lọ tó sì máa ń padà wá ni kí o gbìn fún mi." Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kọjá òdòdó.

Mo wá lọ bá bàbá tó ń tọ́jú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Nígbà tí wọ́n dé ilé wa, wọn ò tilẹ̀ dárúkọ òdòdó kankan. Ibi tí oòrùn ti ń mú jù ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè, àti ibi tí omi òjò ń dá sí. Wọ́n bu erùpẹ̀, wọ́n rún un lọ́wọ́: amọ̀ ló wà lẹ́bàá ògiri, yanrìn ló wà lẹ́nu géètì. Wọ́n ní kì í ṣe ohun tó wu ojú lèèyàn ń gbìn, ohun tí ilẹ̀ bá gbà ni. Kí n rìn yí àdúgbò ká, kí n wo òdòdó tí ẹ̀ẹ̀rùn ò rí pa níwájú ilé àwọn ọ̀lẹ. Mo rìn títí mo fi dé ilé ìyá aránṣọ, ọ̀rẹ́ Màmá. Òdòdó kún iwájú ilé wọn; mo béèrè bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, ẹ̀rín pa wọ́n. Wọ́n ní ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí àwọn ti bomi rin tàwọn kẹ́yìn. Wọ́n gé ẹ̀ka mẹ́rin fún mi, mo sì gbìn ín sẹ́nu géètì, níbi tí omi kì í dá sí.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó wọ́wé tán. Mo ti gbé ọkọ́ láti hú u nígbà tí bàbá ológbà dá mi dúró pé gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà láàyè, pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òótọ́ ni. Òjò ẹlẹ́ẹ̀kejì rọ̀, ó rúwé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló tanná, pupa fòò.

Mo fa Màmá lọ́wọ́ débẹ̀. Wọ́n fi ìka tọ́ ọ, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n wá rọra bi mí pé, "Ṣé funfun ni?"

Mo tún di ọwọ́ wọn mú. Wọ́n mọ̀ pé mo ti mọ̀. Wọ́n ní, "Má sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ o. Ọ̀nà jìn."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi pa á mọ́nú. Mo ti mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ó ní ojú ọ̀tún ṣì ń rí díẹ̀díẹ̀, àmọ́ kò dá a lójú pé yóò rí bẹ́ẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi, bí ọ̀nà bá ṣe lè jìn tó, ẹ tètè máa bọ̀, kó tó di pé ìka ni Màmá yóò máa fi wo ojú yín.

Èmi ni àbúrò yín tó ń wọ̀nà,
Kékeré.