Ogójì Iṣu Tí Mo Ní Wọ́n Fi Pààrọ̀ Ràbí

Bàbá mi tó ń sinmi lẹ́yìn ilé,

Mo kí yín o. Koríko ti bo orí yín, mi ò sì tíì ro ó. Tó bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ dìde kí ẹ wá mú ọkọ́, ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìwé ọdún mẹ́ta tí ẹ jẹ́ kí n kà kí ẹ tó fà mí lọ sóko ni mo fi ń kọ èyí. Bí àmì bá yẹ̀, ẹ̀bi yín ni.

Wọ́n ti gba Ràbí lọ́wọ́ mi. Ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ ti lọ kí wọ́n tó bí i. Ọmọ Làtífù ọmọ mi ni, ó ti pé ọdún mẹ́jọ. Nígbà tí Làtífù àti ìyàwó rẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé ní bìrò, ọ́fíìsì ìjọba ní Bassila pé kí ọmọ máa gbé lọ́dọ̀ wa ní Manigri níbí, kó máa ti ibí lọ sílé ìwé, kó sì máa lọ bá ìyá rẹ̀ ní Bassila láti ọ̀sán Jímọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó kajú ni Làtífù ń wà, kì í gbélé. Èmi àti ọmọ la jọ wà. Èmi ni mò ń di irun rẹ̀, mo sì ń dì í ní ìdìkudì débi pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bi í bóyá ebè iṣu ló rù.

Ẹ mọ ẹnu mi, ọ̀dọ̀ yín ni mo ti jogún rẹ̀. Mo sọ fún ọmọ náà pé ogójì iṣu ni ìyá rẹ̀ gbà kó tó gbé e fún wa, pé méjì nínú wọn jẹrà, pé obìnrin náà ṣì ń bọ̀ wá gba àfikún. Ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo ń tún un sọ ní gbogbo Jímọ̀ bó bá ti ń di ẹrù rẹ̀. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kò di ẹrù mọ́. Zẹ́mì tó máa ń fi alùpùpù gbé e á dúró, á fọn fèrè títí, á padà lófìfo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò fi lọ. Ilé mi kún fún ariwo rẹ̀, ó dùn mọ́ mi. Mi ò sọ pé àwàdà ni.

Ni ìyá rẹ̀ bá ní kí wọ́n tún ìwé yẹn ṣe. Wọ́n pe gbogbo wa sí bìrò. Màdáámù tó jókòó síbẹ̀ bi Ràbí ìdí tí kò fi fẹ́ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀ lójú, ó ní, "Wọ́n á tún fi mí pààrọ̀ iṣu."

Èmi nìkan ni mo bú sẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ ò sunkún o. Ó kàn yíjú sí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́."

Bassila ni ọmọ ń gbé báyìí, ibẹ̀ náà ló ti ń kàwé. Ọjọ́ Àìkú nìkan ló lè wá sí Manigri, láti àárọ̀ di ìrun alásàrì, bàbá rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nílé. Wọn ò gbọ́dọ̀ fi èmi àti òun nìkan sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ka ibẹ̀ yẹn sí mi létí, àfi bí ẹni pé adití ni mí.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín, àbí? Ẹ dúró ná, ó ku tiyín.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí ẹ kọ ìyá mi, tí ẹ sì gbé mi kúrò ní Doguè. Kò sí ìwé, kò sí bìrò. Ẹ sọ fún mi pé ewúrẹ́ arọ kan ló gbà dípò mi. Ìyá mi máa ń fẹsẹ̀ rìn wá, á di kulíkúlí sétí aṣọ. Èmi á gun igi máńgòrò, màá máa sọ èso tútù lù ú. Á dúró nísàlẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín, á ní kí n rọra kí n má jábọ́. Ọjọ́ tí ọ̀kan bà á lójú ló wá kẹ́yìn. Abẹ́ òrùlé lẹ wà, ẹ ń jẹ obì. Kí lẹ ń rò lọ́jọ́ yẹn?

Mo ti níyàwó kí ẹ tó sọ fún mi pé kò sí ewúrẹ́ kankan. Ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. Wọ́n ti sin ìyá mi nígbà náà. Èmi náà bá yín rẹ́rìn-ín, kí ni ǹ bá ṣe? Ṣé torí kí n má baà fi yín sílẹ̀ lẹ ṣe sọ ọ́? Torí ìdí tèmi nìyẹn. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe fún ọmọ jù mí lọ ní gbogbo Manigri, mo sì sọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo pe Ràbí jókòó lójú bàbá rẹ̀. Mo ní irọ́ ni mo pa. Mo ní kò sẹ́ni tó fi í pààrọ̀ nǹkan kan, àti pé ṣe ni ìyá rẹ̀ jà kó tó gbà á. Mi ò fi ẹ̀fẹ̀ kankan sí i, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ọmọ náà rọra fọwọ́ lù mí lórúnkún bí ẹni ń tu aláìsàn nínú.

"Bàbá àgbà, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀."

Ó ní kí n má dààmú, òun ti sọ fún ìyá òun pé òun ti dárí ogójì iṣu náà jì í.

Ẹ sùn re.

Èmi ni, ọmọ tí ẹ tọ́ tó jọ yín jù, tó sì fẹ́ràn yín síbẹ̀.