Kọ́ìnì Ẹnu Buason

                                        Ìsọ̀ Kẹrin, Ẹ̀yìn Tẹ́ńpìlì,
                                        Etí Odò,
                                        Uthai Thani.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Sanguan, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Lamyai ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti ń jẹ́ kó dìde nílẹ̀ láìdi ògiri mú? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti àwọn igi rọ́bà rẹ tí o máa ń ṣàníyàn lé lórí ju àwọn ọmọ lọ? Mo gbọ́ pé òjò ti ń rọ̀ dáadáa ní Trang. Níbí, odò ṣì fà, àwọn ilé orí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sórí ẹrẹ̀. O ṣeun fún ìrìn àjò tí o rìn wá síbi òkú Buason aya mi. N kò dúpẹ́ bó ṣe yẹ lọ́jọ́ náà. N kò mọ ohun tí mò ń ṣe rárá, òun gan-an ló sì mú mi kọ lẹ́tà yìí.

Ara mi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti bàjẹ́. O mọ iṣẹ́ mi. Àwọn ènìyàn a gbé kọ́ìnì tí ara rẹ̀ kò rí bí ti ẹgbẹ́ rẹ̀ wá, wọ́n á ní kí n sọ bóyá àwọn tó rọ ọ́ ló ṣe àṣìṣe, tàbí ìgboro ló bà á jẹ́. Ti àkọ́kọ́ níye lórí gidigidi, ti ìkejì kò ju ohun tí wọ́n kọ sí i lára lọ. Mo ṣì ń sọ ohun tó máa ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín fún wọn: bí òǹtẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ kọ́ìnì bá sán, ìlà rẹ̀ á yọ sókè lára kọ́ìnì, ọ̀bẹ ọmọ aráyé, inú ló máa ń wọ̀. Èyí tí ẹ̀rọ gé létí, etí òdìkejì rẹ̀ á rí fẹ́lẹ́. Èyí tí ayùn gé, òdìkejì rẹ̀ á le gbọnin. Ọgbọ̀n ọdún rèé, n kì í ṣì í.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú Buason, Phuang jórinjórin gbé kọ́ìnì mẹ́ta, báàtì mẹ́wàá-mẹ́wàá, wá. Ara wọn wú, wọ́n dúdú, àárín wọn tó yẹ kó pọ́n ti ń mì nínú òrùka rẹ̀. Ó ní báǹkì ni wọ́n ti fún òun bẹ́ẹ̀. Mo fi wọ́n sábẹ́ awò amúǹkantóbi mi, mo ní, “Bàbá, iná ni. Ẹ sọ fún ẹni tó sun wọ́n pé kó jẹ́ kí gáàsì rẹ̀ sinmi.” Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọ̀gá, ṣé ojú yín ò lè fọ́ lẹ́ẹ̀kan péré fún wa ni?” Ó fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ fún mi. Mo dà wọ́n sínú agolo mílíìkì kan.

O rántí pé n kò lọ bá wọn kó eérú lẹ́yìn tí a sun òkú náà. Mo dùbúlẹ̀ nílé ni. Rampha ọmọ mi ló bá àwọn mọ́ńkì tẹ́ńpìlì lọ, òun ló sì rí kọ́ìnì tí a fi sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu bí àṣà wa kí a tó sun ún, nínú eérú náà. Nígbà tó dé, mo ti kọjú sí ògiri. Kò fẹ́ yọ mí lẹ́nu. Ó gbé e sórí aṣọ dúdú tí mo tẹ́ sórí tábìlì mi ní ìsọ̀, lábẹ́ awò, nítorí ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé mo máa ń gbé ohun tó bá níyì sí láti kékeré rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹjọ lẹ́yìn òkú náà, nígbà tí mo padà sí ìsọ̀, mo bá báàtì mẹ́wàá kan tó wú lórí aṣọ. Mo ní Phuang tún ti dé. N kò tilẹ̀ jókòó. Mo wò ó fìrí, mo ní, “Iná ni,” mo sọ ọ́ sínú agolo, mo sì mì ín kí ó lè wọlé dáadáa. Òótọ́ ni mo kúkú sọ, Sanguan. Iná ni. Ohun tó ń pa mí nìyẹn.

Rampha rí iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Taiwan. Ọjọ́ Mọ́ńdè tó kọjá ló bi mí pé, “Bàbá, kọ́ìnì Màmá dà? Ẹ bá mi fi sínú àpótí kékeré tí ẹ fi ń tọ́jú kọ́ìnì yẹn, kí n so ó mọ́rùn, kí Màmá lè máa bá mi rìn níbẹ̀.” Mo bi í pé kọ́ìnì wo. Ó ní, “Èyí tí mo gbé sórí aṣọ dúdú yín. Mo ṣebí ẹ ti rí i, tí ẹ kàn ò fẹ́ mẹ́nu bà á.” Mo ní mo ti tọ́jú rẹ̀.

Mo da agolo náà sórí tábìlì. Mẹ́rin. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Mo fi odindi ọjọ́ kan wò wọ́n. Mo wọ̀n wọ́n, mo gbóòórùn wọn, mo fi ahọ́n kàn wọ́n, jọ̀ọ́ má rẹ́rìn-ín. Iná tó sun aya mi kò yàtọ̀ sí iná Phuang. Ọ̀kan jẹ́ ti ọdún tí a bí Rampha. Ọ̀kan jẹ́ ti ọdún tí omi kún dé àjà ilé wa. Ọ̀kan jẹ́ ti ọdún tí o kó lọ sí Trang. Iná ti jẹ ọdún ara ìkẹrin. Phuang bẹ̀bẹ̀ pé kí ojú mi fọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì fọ́.

Èyí tó jẹ́ ti ọdún tí a bí Rampha ni mo fún un, kò sí ìdí mìíràn. Ní ibùdókọ̀ ni, lọ́jọ́ Tọ́sídeè. Ó tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò mí lójú, ó bi mí ní ìbéèrè tí àwọn oníbàárà máa ń bi mí.

“Ṣé ó dá yín lójú, Bàbá?”

“Ó dá mi lójú.”

Ó gbé e kan iwájú orí, ó sì wọ mọ́tò. Láti ọjọ́ náà, n kò ṣí ìsọ̀. Mẹ́ta tó kù wà níwájú fọ́tò Buason, mo sì ń tan tùràrí sí wọn láràárọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Phuang jórinjórin ni mò ń kí.

Ìwọ lo yọ kọ́ìnì náà lápò. Nígbà tí bàbá àgbà tó ń ṣètò òkú béèrè fún un, o mú un jáde nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ, o fi apá aṣọ nù ún, o yí i padà lẹ́ẹ̀kan kí o tó gbé e lé wọn lọ́wọ́. Nínú gbogbo kọ́ìnì tó ti kọjá níwájú mi, ìyẹn nìkan ni n kò wò. Jọ̀ọ́, ronú. Ǹjẹ́ ojú rẹ kan ọdún tó wà lára rẹ̀? Mo mọ̀ pé kò dájú. Ta ló ń wo ọdún ara kọ́ìnì bí kò ṣe wèrè bíi tèmi?

Bá mi kí Lamyai, kí o sì bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra. Bí Rampha bá pè ọ́ láti Taiwan, má sọ nǹkan kan fún un. Ṣùgbọ́n bí o kò bá rántí ọdún náà, Sanguan, má torí àánú mi mú ọ̀kan dárúkọ. Mo ti ṣe ìyẹn fún ọmọ mi.

Tìrẹ ni mí bí ó ti wù kó rí,

Thawin