Àwọ̀ Mi Gbóná, Ara Mi Tutù

Ọmọ mi Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀,

Báwo ni ara, báwo sì ni ẹsẹ̀ méjèèjì tí o fi ń dúró láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ? Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí mo kà lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ tí mo bí ọ, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó dín kan. Àlàáfíà la wà. Bàbá rẹ ṣì ń ráhùn, o mọ̀ pé ìlera tirẹ̀ nìyẹn.

Páálí dáì irun méjèèjì tí o fi ránṣẹ́ dé, aláwọ̀ igi àti dúdú tó ń dán bí ẹni da búlúù díẹ̀ sí i. Mo gbọ́ pé bí èyí tí mo kùn bá bá ojú mi mu nínú fọ́tò, ọ̀gá rẹ máa fún ọ ní àga tìrẹ nínú ṣọ́ọ̀bù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wàá tún gbálẹ̀ fún ọdún kan. Ohùn rẹ tí o gbà sílẹ̀ sínú fóònù ní kí n kọ́kọ́ wò ó bóyá àwọ̀ mi gbóná tàbí ó tutù. Bó bá gbóná, aláwọ̀ igi, bó bá tutù, dúdú. Mo bi ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta pé kó gbóná tó mélòó, o ò dáhùn, o kàn ń bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ ọmọ mi.

Mo bá lọ bá nọ́ọ̀sì àdúgbò wa kó wọn bí ara mi ṣe gbóná tó. Láàárọ̀, mẹ́rìndínlógójì àti ààbọ̀. Lọ́sàn-án, lẹ́yìn tí mo dáná tán, mẹ́tàdínlógójì. Mo ṣírò ó, mo ní kí n pín orí sí méjì, kí n kun òsì ní dúdú láàárọ̀, kí n kun ọ̀tún ní aláwọ̀ igi lọ́sàn-án. Bàbá rẹ ní kí n máa fi ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo kọjá níwájú òun, kí òun lè mọ ìyàwó tí òun ń bá sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kẹta, nọ́ọ̀sì ní Màmá, kí ló ń lé yín kiri? Mo ṣàlàyé, ó rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi bọ́. Ó ní kì í ṣe ibà ni ìwọ ọmọ mi ń wí, pé àwọ̀ kan fara pamọ́ sábẹ́ awọ gbogbo èèyàn, ti àwọn kan fà sí ti iná, ti àwọn mìíràn fà sí ti omi, oòrùn kì í sì í yí i padà. Ó fà mí lọ sójú fèrèsé, ó yí ọrùn-ọwọ́ mi sókè, àwọ̀ iṣan ibẹ̀ rí bí ewé. Ó gbé aṣọ funfun sí mi lọ́rùn, ojú mi ṣú bí eérú. Ó gbé aláwọ̀ mílíìkì sí i, ojú mi là, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kí ara mi nínú dígí. Ó ní gbígbóná ni mí.

Ọmọ mi, o mà gbọ́n o! Ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mo ti wọ awọ yìí, mi ò mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Mo kun aláwọ̀ igi. Bàbá rẹ wọlé, ó kí mi bí àlejò, ó jókòó, ó ń wò mí títí ọbẹ̀ fi jóná, kò sì ráhùn. Mo fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ bóyá ara rẹ̀ ló gbóná.

Fọ́tò náà nìyí. Mo fi káàdì tí nọ́ọ̀sì kọ ìwọ̀n gbígbóná ara mi sí tì í, kí ọ̀gá rẹ mọ̀ pé a ò fojú díwọ̀n. Mi ò ṣí dúdú, mo dá a padà, má ra òmíràn. Jọ̀ọ́ fi owó tọ́wẹ̀lì ránṣẹ́, dáì ti ba ti bàbá rẹ jẹ́. Ẹyọ kan tó.

Gbogbo orí tí ọwọ́ rẹ bá kàn á máa dára. Bí wọ́n bá sì gbé àga náà fún ọ, jọ̀ọ́, jókòó sí i. Ó ti pẹ́ tí o ti ń dúró.

Èmi ni,
Ìyá rẹ aláwọ̀ gbígbóná.